Ẹ Jẹ́ Ká Lé Òjé Kúrò Nílé Ká Tó Lé E Kúrò Lára

Àkọsílẹ̀ ohùn mẹ́ta tí admin fi sínú gúrúùpù ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú. A kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí àwọn tí dátà wọn kò gbé ohùn, àti àwọn tí ariwo ọjà kì í jẹ́ kí wọ́n gbọ́ dáadáa. Ẹ lè fi ránṣẹ́ sí ará ilé yín.

OHÙN KÌÍNÍ

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí a jọ ń ná ọjà Àbújá yìí. Wuse, Garki, Utako, Nyanya, Kubwa, Dei-Dei títí dé Mararaba, mo kí gbogbo yín. Ọjà á tà o. A ò ní sanwó ṣọ́ọ̀bù lásán.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan ju ìpolówó kan síbí. Mo ti yọ ọ́ kúrò, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ti rí i. Wọ́n ní òjé àti mẹ́kúrì ti kún ara gbogbo wa, ká wá gba dírípù mẹ́wàá tí yóò fọ ẹ̀jẹ̀ wa mọ́. Wọ́n ní yóò wo ẹ̀jẹ̀ ríru, yóò wo ìtọ̀ ṣúgà, yóò wo ara ríro. Owó tí wọ́n dá lé e, ó lè ra ọjà sí ṣọ́ọ̀bù. Àwọn kan ti pè mí ní kọ̀rọ̀: "Admin, ṣé òótọ́ ni?" Ẹ̀gbọ́n wa kan tó ń ra bátìrì inverter tó ti kú sọ fún mi pé òun fẹ́ kó owó àjọ òun lé e, kí òun àti àwọn ọmọ jọ lọ gbà á. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n sọ̀rọ̀ lálẹ́ òní.

Èmi kì í ṣe dókítà. Ohun èlò ilé ni mò ń tà, ẹ mọ̀ mí. Ṣùgbọ́n oògùn tí wọ́n ń polówó yẹn, tí wọ́n ń pè ní chelation, oògùn gidi ni. Kì í ṣe irọ́ pé ó wà. Ní orílẹ̀-èdè wa níbí ló ti gba ọ̀pọ̀ ọmọ lọ́wọ́ ikú. Ohun tó yẹ ká mọ̀ ni bó ṣe ṣiṣẹ́ níbẹ̀ àti ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe kó tó ṣiṣẹ́. Bí a bá mọ ìyẹn, kò sẹ́ni tó máa fi orúkọ rẹ̀ gba owó lọ́wọ́ wa.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí òjé fúnra rẹ̀. Ẹ mọ òjé. Irin rírọ̀ tó wúwo ni, èyí tí àwọn apẹja ń so mọ́ etí àwọ̀n kó lè rì. Òun ló wà nínú bátìrì mọ́tò àti ti inverter. Ara ènìyàn kò lo òjé fún nǹkan kan. Ṣùgbọ́n tó bá ti wọlé, ó máa ń fi ara jọ kálíṣíọ̀mù, èyí tó ń mú kí egungun le. Ara á ṣì í mú, á kó o pamọ́ sínú egungun, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn àgbà ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Bí òjé ṣe ń ṣe nínú egungun gan-an nìyẹn.

Àwọn ọmọdé ni tiwọn burú jù. Nínú òjé tí ọmọ kékeré bá gbé mì, èyí tí ara rẹ̀ ń gbà tó ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún èyí tí ara àgbàlagbà ń gbà. Ọmọ ń rá lórí ilẹ̀, ó ń ti ọwọ́ bọ ẹnu, ọpọlọ rẹ̀ sì ṣì ń dàgbà lọ́wọ́. Òjé lè fa inú rírun, ìgbẹ́ kó má lọ, àìtó ẹ̀jẹ̀, kí ọmọ má gbọ́n bó ṣe yẹ kó gbọ́n. Tó bá pọ̀ jù, gìrì ni, ọmọ á dákú, ó lè kú. Lára àgbàlagbà, ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru wá, ó ń ba kíndìnrín jẹ́. Tí obìnrin bá lóyún, òjé tó ti wà nínú egungun rẹ̀ látọjọ́ pípẹ́ lè jáde lọ bá ọmọ inú. Èyí tó burú nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé ó lè wà lára kó má hàn síta rárá.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Zamfara.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2010, ní abúlé Yargalma ní ìjọba ìbílẹ̀ Bukkuyum, àti Dareta ní ìjọba ìbílẹ̀ Anka, àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Gìrì á gbé wọn, ó parí. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé ibà ni. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà tí wọ́n ń pè ní Médecins Sans Frontières, MSF, ló gbọ́, wọ́n lọ wò ó, wọ́n sì fi ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ náà ránṣẹ́ sí láàbù ní Jámánì. Èsì dé: òjé ni.

Báwo ni òjé ṣe dé abúlé? Owó wúrà ti gbówó lórí lágbàáyé, àwọn ará abúlé sì ń wa òkúta wúrà. Wọ́n ń gbé e wálé, wọ́n ń fọ́ ọ, wọ́n ń fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ọkà lọ̀ ọ́ nínú àgbàlá. Òjé pọ̀ nínú òkúta yẹn. Eruku rẹ̀ bo ilẹ̀, ó bo ẹní, ó wọ inú oúnjẹ. Wúrà ni wọ́n ń wá, ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé oró ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àjọ CDC ti Amẹ́ríkà bá ìjọba wa wọ abúlé méjèèjì yẹn ní oṣù Karùn-ún àti oṣù Kẹfà ọdún 2010. Nínú àwọn ọmọ 463 tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, 118 ti kú láàrin ọdún kan. Ẹ ṣírò rẹ̀: nínú ọmọ mẹ́rin, ọ̀kan ti lọ. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ 204 nínú àwọn tó kù wò. Ìwọ̀n tí dókítà ti ń fún ọmọ ní oògùn tó ń lé òjé jáde ni 45. Tí ẹ bá rí µg/dL nínú ìwé láàbù, ìwọ̀n yẹn náà ni. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ, 97 ti dé 45 tàbí kọjá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka gbogbo abúlé tó kàn pọ̀, àwọn ọmọ tó kú lé ní 400.

Ẹ jẹ́ kí n dá ohùn yìí dúró níbí, kó má gùn jù.

OHÙN KEJÌ

Mo ti padà dé. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ oògùn náà.

Orúkọ yẹn, chelation, inú èdè Gíríìkì ló ti wá. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pe ọwọ́ alákàn ni wọ́n fi ṣẹ̀dá rẹ̀. Ẹ rántí alákàn: tó bá fi ọwọ́ rẹ̀ há nǹkan, kì í tètè jọ̀wọ́. Bí oògùn náà ṣe rí nìyẹn. Tó bá wọ inú ẹ̀jẹ̀, á há òjé mọ́, á fà á lọ sí kíndìnrín, ìtọ̀ á sì gbé e jáde. Ẹ lè pè é ní ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ tó ń yọ irin kúrò nínú iná.

Ogun ló bí i. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń wá ohun tó lè pa oró gáàsì kan tó ń jẹ́ Lewisite, tí ásẹ́níìkì wà nínú rẹ̀. Wọ́n ṣe oògùn kan tí wọ́n pè ní BAL. Lẹ́yìn ìyẹn, ní àwọn ọdún 1950, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo EDTA fún àwọn tí òjé wà lára wọn, abẹ́rẹ́ tàbí dírípù ni. Nígbà tó yá, DMSA dé, èyí tí ènìyàn lè fẹnu gbé mì. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún àwọn ọmọdé ní 1991. Òórùn rẹ̀ dà bíi ti ẹyin tó ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́. Òun ni MSF gbé lọ sí Zamfara.

Kì í ṣe ìgbà kan lẹ́ẹ̀kan o. Inú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara ni ọwọ́ oògùn náà tó. Kò lè wọ inú egungun lọ kó òjé ibẹ̀. Tó bá kó ti inú ẹ̀jẹ̀ tán, èyí tó wà nínú egungun á tún rọra jáde sínú ẹ̀jẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n fi ń lò ó ní ìpele ìpele. Ìpele kan ní Zamfara jẹ́ ọjọ́ 19 tàbí 28, wọ́n á tún yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọ́n á pinnu bóyá wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Láàrin ọdún 2010 sí 2011, ọmọ 1,156 tí kò ju ọdún márùn-ún lọ ló gba ìpele 3,180. Nínú ìpele kan, òjé inú ẹ̀jẹ̀ ń dín kù ní bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ká ní ọmọ bẹ̀rẹ̀ ní 100, ó lè parí ní bí 75. Ó tún kù. Wọ́n tún ń ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀dọ̀ ọmọ náà ní gbogbo ìgbà, nítorí oògùn yìí lè dààmú wọn. Ikú àwọn ọmọ tó wà lábẹ́ ìtọ́jú dín kù gan-an.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fi etí sí jù nìyí. Abúlé kan wà tó ń jẹ́ Bagega, ìjọba ìbílẹ̀ Anka náà ni. Ó tóbi ju àwọn yòókù lọ. Wọ́n sọ pé ọmọ tó tó 1,500 níbẹ̀ nílò àyẹ̀wò àti ìtọ́jú. MSF ní oògùn lọ́wọ́, wọ́n ní dókítà, ṣùgbọ́n wọn kò bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú yẹn fún Bagega. Kí ló dé? Ilẹ̀ Bagega kò tíì mọ́. Bí ẹ bá fa òjé kúrò lára ọmọ láàárọ̀, tó sì padà lọ jókòó sínú eruku òjé lọ́sàn-án, kí lẹ ṣe? Omi lẹ ń gbọ́n kúrò nínú ilé tí ẹ ò pa ẹ̀rọ omi.

Ní àwọn abúlé méje tí wọ́n kọ́kọ́ fọ̀, ìjọba Zamfara àti àwọn onímọ̀ TerraGraphics láti Amẹ́ríkà gbẹ́ erùpẹ̀ òkè kúrò ní àgbàlá kọ̀ọ̀kan, wọ́n lọ rì í mọ́lẹ̀ síbi tí ẹnikẹ́ni kì í dé, wọ́n sì kó erùpẹ̀ tó mọ́ wá dípò rẹ̀. Bagega ń dúró de owó. Ní oṣù Karùn-ún 2012, ìpàdé ńlá kan wáyé níbí, ní Àbújá wa yìí, lórí òjé Zamfara. Ìjọba àpapọ̀ ṣèlérí 850 mílíọ̀nù náírà. Oṣù ń lọ, owó kò jáde. Ẹgbẹ́ kan tó fi Àbújá ṣe ibùjókòó, Connected Development, bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo lórí íntánẹ́ẹ̀tì: #SaveBagega. Oṣù Kìíní 2013 ni owó náà tó jáde. Wọ́n fọ ilẹ̀ Bagega lọ́dún yẹn, ìtọ́jú àwọn ọmọ sì bẹ̀rẹ̀.

Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́: ẹ jẹ́ ká lé akátá lọ ná, ká tó fàbọ̀ bá adìyẹ. Ibi tí òjé ti ń wá ni akátá. Oògùn kò lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tí akátá bá ṣì wà nínú ọgbà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé Zamfara jìnnà. Ní 2015, irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Shikira, ìjọba ìbílẹ̀ Rafi, ìpínlẹ̀ Niger, ìpínlẹ̀ tó bá Àbújá pààlà. Wúrà náà ni. Ọmọ 28 ló kú.

OHÙN KẸTA

Ó kù bí ọ̀rọ̀ ṣe kan àwa ará ọjà. A kì í wa wúrà, ṣùgbọ́n òjé ní ọ̀nà mìíràn tó ń gbà wọlé wa.

Ìkíní ni bátìrì. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra bátìrì tó ti kú, tí ẹ ń tú u, tí ẹ ń da omi rẹ̀ nù, eruku òjé ló wà lára ẹ̀wù yín. Tí ẹ bá fi ẹ̀wù iṣẹ́ wọlé, tí ọmọ sáré wá dì mọ́ yín, ó ti gba tirẹ̀. Ní Ògìjò nílẹ̀ wa, ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí ilé iṣẹ́ ti ń yọ́ bátìrì, ọ̀rọ̀ òjé mú kí ìjọba ti àwọn kan nínú wọn pa ní 2025.

Ìkejì ni tìróò. Mo mọ̀ pé èyí máa dun àwọn ìyá wa. Ní 2011, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan tí òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, wọ́n bá òjé 13. Wọ́n wá gbogbo ilé, ọ̀dà ara ògiri kọ́, omi kọ́. Tìróò tí wọ́n ń lé sí i lójú ni, tí wọ́n rà lọ́wọ́ ẹni tó ń tajà lójú pópó ní Nàìjíríà. Wọ́n gbé tìróò náà lọ sí láàbù: nínú ìdá ọgọ́rùn-ún rẹ̀, ó lé ní 82 tó jẹ́ òjé. Wọ́n ní kí wọ́n má lé e mọ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, òjé ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà ti wálẹ̀ sí 8. Ẹ gbọ́ o: kò sí dírípù, kò sí abẹ́rẹ́. Wọ́n kàn lé akátá lọ.

Ìkẹta ni ìkòkò tí wọ́n fi àlòkù irin dà. Èmi tí mò ń ta ìkòkò ló ń sọ ọ́ yìí. Àwọn onímọ̀ dán irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ wò ní Cameroon, wọ́n rí i pé òjé ń jáde lára wọn. Ẹ má fi se nǹkan kíkan bíi ògì tàbí ọbẹ̀ tòmátò, ẹ má sì jẹ́ kí oúnjẹ sùn sínú rẹ̀. Ìkẹrin ni ọ̀dà àtijọ́ tó ń re lára ògiri, tí ọmọ ń kó sẹ́nu. Ìkarùn-ún kì í ṣe òjé, mẹ́kúrì ni: ó wà nínú àwọn ìpara abóra kan. Kíndìnrín ló ń bá jà.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìpolówó yẹn báyìí. Ìdí mẹ́rin ni mo fi ní kí ẹ má lọ.

Àkọ́kọ́, wọn kò béèrè ibi tí òjé ti ń wá. Wọ́n ní "ara gbogbo wa". Dókítà gidi máa ń béèrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, á béèrè tìróò, á béèrè ìkòkò.

Èkejì, ọ̀nà tí wọ́n fi ń yẹ ara wò. Àwọn kan á kọ́kọ́ fún ọ ní oògùn yẹn, wọ́n á wá gba ìtọ̀ rẹ. Ẹnikẹ́ni tó bá lo oògùn tó ń fa irin jáde, irin á pọ̀ nínú ìtọ̀ rẹ̀, àní ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Wọ́n á wá gbé ìwé náà síwájú rẹ, ẹ̀rù á bà ọ́, wàá sanwó. Àyẹ̀wò tó ṣeé gbára lé ni ti ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà láti inú iṣan, láì kọ́kọ́ lo oògùn kankan.

Ẹ̀kẹta, oògùn náà lè pa ènìyàn. EDTA pín sí méjì: ọ̀kan ní kálíṣíọ̀mù nínú, èkejì kò ní. Èyí tí kò ní á fa kálíṣíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ lọ, ọkàn sì lè dúró. Láàrin 2003 sí 2005 ní Amẹ́ríkà, ènìyàn mẹ́ta kú bẹ́ẹ̀: ọmọ ọdún méjì, ọmọ ọdún márùn-ún, àti obìnrin ẹni ọdún 53. Tí Amẹ́ríkà bá lè ṣi ìgò mú, kí la fẹ́ sọ nípa yàrá kan tí kò ní síánà lójú ọ̀nà? Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọwọ́ alákàn yìí máa ń há nǹkan tó wúlò fún ara náà, bíi síńkì. Ní 2010, àjọ FDA ti Amẹ́ríkà kìlọ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ta irú rẹ̀ láìsí ìwé dókítà. Wọ́n ní àwọn kò fọwọ́ sí ọ̀kankan fún irú títà bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ti ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà tí wọ́n dárúkọ. Wọ́n ti dán an wò lára àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà, tí ọkàn wọn sì ti dá iṣẹ́ sílẹ̀ rí. Èsì rẹ̀ jáde ní 2024. Òjé inú ẹ̀jẹ̀ wọn lọ sílẹ̀ gan-an lóòótọ́, ṣùgbọ́n àìsàn ọkàn àti ikú kò tìtorí ẹ̀ dín kù. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi sílẹ̀ nítorí dírípù.

Kí la wá lè ṣe?

Tí iṣẹ́ rẹ bá jẹ mọ́ bátìrì, ọ̀dà, tàbí irin yíyọ́, má ṣe é nínú ilé. Ní ẹ̀wù tí kò ní kúrò níbi iṣẹ́. Wẹ̀, kí o pààrọ̀ aṣọ, kí o tó gbé ọmọ. Fi omi nu ilẹ̀ dípò kí o fi ìgbálẹ̀ gbẹ ẹ́, nítorí ìgbálẹ̀ á kàn gbé eruku dìde ni. Fọ ọwọ́ ọmọ kó tó jẹun. Fún ọmọ ní oúnjẹ yó: ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ẹyin, ẹja wẹ́wẹ́ tòun ti egungun rẹ̀, wàrà. Ọmọ tí ebi ń pa, òjé tètè ń wọ ara rẹ̀.

Tí ẹ bá ń fura, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó tóbi, ẹ sọ iṣẹ́ yín fún dókítà, ẹ ní "blood lead level" lẹ fẹ́ ṣe. Ìlànà WHO ti 2021 ni pé tí ó bá ti tó 5, kí wọ́n wá ibi tó ti ń wá, kí wọ́n sì mú un kúrò. Tí ọmọ ọdún mẹ́wàá sísàlẹ̀ bá ní 45 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n fún un ní oògùn. Fún àgbàlagbà àti aláboyún, dókítà ló máa wo ìwọ̀n àti bí ara ṣe rí. Ọmọ tí gìrì bá mú, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe àgbo, kì í ṣe kẹ́míìsì.

Ẹ̀gbọ́n mi oníbátìrì, mo mọ̀ pé ẹ ń gbọ́ mi. Owó àjọ yẹn, ẹ má kó o fún wọn. Ẹ fi gba àyè kékeré kan tó jìnnà sílé, kí ẹ kó bátìrì kúrò lẹ́yìn yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn. Ẹ fi ra ẹ̀wù iṣẹ́ àti bàtà. Èyí tó bá kù, ẹ fi yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ wò. Tí èsì bá wá sọ pé wọ́n nílò oògùn, a ó jọ wá dókítà tó mọ̀ ọ́n, gúrúùpù yìí á sì dá owó. Ìyẹn ni ìdí tí a fi kó ara wa jọ nílẹ̀ àjèjì.

Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ polówó oògùn síbí, kó kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí àwa admin. Kò sí ìbínú níbẹ̀. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó ju ohùn sílẹ̀, màá dáhùn tí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù lọ́la. Ó dàárọ̀ o. Ilẹ̀ á mọ́ bá wa láyọ̀.